Ta Ni Wọ́n Sin sí Ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yẹn?

Nínú àwọn agbo ilé tó ti pẹ́ ní Ìfọ́n-Ọ̀ṣun, ọmọ ilé lè tẹ́ ẹní sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́sàn-án, kó sùn, kó jí, kó má mọ̀ pé orí bàbá tó bí bàbá bàbá òun lòun sùn lé. Inú ilé ni Yorùbá ń sin àgbàlagbà sí láyé àtijọ́. Bàbá tó bá tọ́mọ, tó tún tọ́ ọmọ ọmọ kó tó papò dà, ìyẹ̀wù rẹ̀ tàbí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ni wọ́n máa gbẹ́, kí àwọn ọmọ lè máa bá a sọ̀rọ̀, kí wọ́n lè máa bọ ojú oórì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì lè sọ lọ́jọ́ iwájú pé ilé náà kì í ṣe tiwọn. Lẹ́yìn náà ni sìmẹ́ńtì dé, wọ́n dà á lé ilẹ̀ pípa. Táìsì tẹ̀ lé e. Àmì tó wà níbẹ̀ pa rẹ́, ó ku ẹnu àwọn àgbà.

Ẹnu àwọn àgbà yẹn ló ń tán lọ.

Ó yẹ kí ìdílé kọ̀ọ̀kan ní Ìfọ́n, ní Ìlobùú àti ní àwọn ìlú tó yí wọn ká kọ orúkọ àwọn tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ilé wọn sílẹ̀ kí katakata tó dé. Wọ́n ń wó ilé alámọ̀ láti fi búlọ́ọ̀kù kọ́ òmíràn, ìyẹn kò burú. Ọmọ tó rówó ló yẹ kó tún ilé bàbá rẹ̀ ṣe. Ohun tó burú ni kí wọ́n máa gbẹ́ ìpìlẹ̀, kí ṣọ́bìrì kan egungun, kí gbogbo ilé máa wo ara wọn lójú, kí ẹnì kan ṣoṣo má lè dárúkọ olóògbé náà.

Àwọn kan á ní òkú ti kú, kí ni wọ́n tún fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ ṣe? Kí wọ́n bi àwọn tó ti bá ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé kóòtù. Ní 1976, nínú ẹjọ́ Idundun àti Okumagba, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà to ọ̀nà márùn-ún tí ènìyàn lè gbà fi hàn pé òun ló nilẹ̀. Ìtàn tí àwọn àgbà fi ẹnu sọ ló ṣe ìkíní, ó ṣáájú ìwé pàápàá. Ẹni tó bá sì gbé irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kalẹ̀ gbọ́dọ̀ lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ tẹ ilẹ̀ náà dó, bó ṣe débẹ̀, àti àwọn tó jogún rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan títí ó fi kan ẹni tó dúró níwájú adájọ́. Bí orúkọ kan bá sọnù láàárín, ẹjọ́ lè já níbẹ̀. Bí ìtàn ìhà méjèèjì bá takora ńkọ́? Ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ ní 1957 nínú ẹjọ́ Kojo àti Bonsie, tó wá láti Gold Coast, ni pé kí adájọ́ má wo ẹnu ẹlẹ́rìí tó dùn jù. Kó fi ohun tó ti ṣẹlẹ̀ lójú àwọn tó ṣì wà láyé wọn ìtàn méjèèjì. Ta ló ti ń dáko níbẹ̀? Ta ló kọ́lé síbẹ̀? Ojú oórì ta ló wà níbẹ̀? Ìdílé tí kò lè dáhùn ìbéèrè kẹta yìí ti fi ẹ̀rí tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣòfò.

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ kì í ṣe ìtàn àlọ́ ní agbègbè yìí. Ìfọ́n, Ìlobùú àti Erin-Ọ̀ṣun fara kanra débi pé àlejò lè la wọn kọjá láì mọ ibi tí ìlú kan parí sí. Ààlà ti dá ìjà sílẹ̀ láàárín wọn lọ́pọ̀ ìgbà. Nígbà tó tún bẹ́ sílẹ̀ ní 2025, ẹ̀mí ṣòfò, ilé jóná, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sì kéde kónílé-ó-gbélé. Bí ilé bá jóná báyìí, bẹ́ẹ̀dì àti àga nìkan kọ́ ló ń bá a lọ. Fọ́tò bàbá àgbà ń lọ, rìsíìtì owó orí ayé òyìnbó ń lọ, ìwé ètò ìsìnkú tó wà nísàlẹ̀ àpótí náà ń lọ. Ẹni tó kọ́lé tuntun kò lè ra èyíkéyìí nínú wọn lọ́jà.

Ibo wá ni kí ẹni tó fẹ́ wádìí ti bẹ̀rẹ̀? Ọ̀dọ̀ àwọn obìnrin ni.

Ní Òkukù, ìlú mìíràn ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun, obìnrin ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Karin Barber, gbé láàárín àwọn ará ìlú ní ẹ̀wádún 1970, ó kọ́ èdè, ó sì ń tẹ̀ lé àwọn obìnrin tó ń ki oríkì lọ síbi ìyàwó àti síbi òkú. Ìwé tó kọ lórí rẹ̀ jáde ní 1991. Ohun tó hàn nínú iṣẹ́ náà ni pé àwọn ọmọ obìnrin ilé àti àwọn ìyàwó ilé ló ń pa oríkì mọ́ jù lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọkùnrin ló ń jókòó sọ̀rọ̀ nígbà tí àlejò bá béèrè ìtàn. Oríkì kì í to ọdún tẹ̀ lé ọdún. Yóò dárúkọ bàbá kan, yóò bọ́ sórí ìyá rẹ̀, yóò yà sí ìlú tí wọ́n ti ṣí wá, yóò sì padà sórí ìjà kan tí gbogbo ènìyàn ti gbàgbé. Ẹni tó bá ń wá déètì nínú rẹ̀ á sú u. Àmọ́ ẹni tó bá fẹ́ mọ ilé tí ìyá ìyá rẹ̀ ti wá, ibẹ̀ ló máa bá a.

Oríkì orílẹ̀ ń lọ jìnnà ju ìyẹn lọ. Ọ̀jọ̀gbọ́n Adébóyè Babalọlá kó púpọ̀ jọ sínú ìwé rẹ̀, Àwọn Oríkì Orílẹ̀, tó jáde ní 1967, nígbà tí àwọn tó gbọ́ wọn lẹ́nu àgbà ṣì pọ̀. Ẹni tó ń gbé Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, tí kò tẹ Ìfọ́n rí, tí wọ́n sì ń fi Olúfọ́n kì í ní ilé, ti ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Ìlú Òrìṣàńlá ni Ìfọ́n. Òrìṣà Olúfọ́n ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, orúkọ oyè ọba ìlú sì ni Olúfọ́n.

Ní ti Ìlobùú, ìtàn ìlú sọ pé ọdẹ ni Láarosìn tó tẹ̀ ẹ́ dó, odò Erinlẹ̀ àti òrìṣà tó ń jẹ́ orúkọ yẹn sì wà nínú ìtàn náà láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó ní ọdẹ nínú ìdílé rẹ̀ kò gbọ́dọ̀ fojú fo ìpà ọdẹ. Bí ọdẹ bá kú, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń sun ìrèmọ̀jé fún un, wọ́n á dárúkọ bàbá rẹ̀, ẹran tó pa, igbó tó rìn, àti àwọn ọdẹ tó ti lọ ṣáájú rẹ̀. Bádé Àjùwọ̀n, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún ṣe ìwádìí lórí ìrèmọ̀jé, ti tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀. Igbó tí wọ́n ń dárúkọ yẹn sábà máa ń jẹ́ oko ìdílé. Ó yẹ kí ẹnì kan fi fóònù gbà á sílẹ̀ ní gbogbo ìpà ọdẹ tó bá wáyé láti òní lọ, nítorí àwọn tó mọ̀ ọ́n sun kò pọ̀ mọ́.

Ṣùgbọ́n àwọn kan wà tí ojú oórì inú ilé kò ní sọ̀rọ̀ wọn láé, ìwádìí tí kò bá sì wá wọn kò tíì pé. Láyé àtijọ́, wọn kì í sin àbíkú sínú ilé. Igbó ni wọ́n ń gbé e lọ. Ẹni tí àrá bá pa, àwọn oníṣàngó ló máa gbé e. Aboyún tó kú pẹ̀lú oyún nínú, adẹ́tẹ̀, ẹni tó bá pokùnso: ọ̀tọ̀ ni ètùtù kálukú wọn, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń sin wọ́n sí. Afín àti abuké ńkọ́? Ẹni òrìṣà ni wọ́n, ti Òrìṣàńlá tó mọ ènìyàn, nítorí náà àwọn olórìṣà ló ni òkú wọn. Ní ìlú bí Ìfọ́n tí ó jẹ́ ti òrìṣà yìí gan-an, ó yẹ kí èyí ká ènìyàn lára. Nínú ọ̀pọ̀ ìdílé, bí wọ́n bá ń ka ọmọ tí bàbá àgbà bí, wọ́n á fo irú ẹni bẹ́ẹ̀ bí ẹni pé kò wáyé rí, nígbà tó jẹ́ pé ó lórúkọ, ó jẹun nínú agbo ilé, ìyá rẹ̀ sì sunkún rẹ̀. Kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀. Bí wọn kò bá mọ ibi tí wọ́n gbé e lọ, kí wọ́n kọ ọ́ pé àwọn olórìṣà ló gbé e. Ìyẹn náà jẹ́ òtítọ́ nípa ilé.

Ọ̀rọ̀ àṣírí tún wà. Àgbà mìíràn kì í fẹ́ tú ìdí ilé, nítorí ó mọ̀ pé ìwọ̀fà tàbí ẹrú ni ẹnì kan tí wọ́n ń pè ní ẹ̀gbọ́n bàbá báyìí, tàbí pé ogun ló lé ìyá kan dé. Ìbẹ̀rù yẹn nídìí, kò sì yẹ kí ọ̀dọ́ kankan fi fóònù fipá mú àgbàlagbà sọ̀rọ̀. Àmọ́ ìwé tí ìdílé kọ fún ara rẹ̀ kò dà bí èyí tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ògiri ààfin. Ẹni tó bá fẹ́ sọ ọ́ lè ní kí wọ́n má kà á fún ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi kú.

Ẹ̀sìn Mùsùlùmí àti ti Kìrìsìtẹ́nì ti yí ìsìnkú padà ní gbogbo agbègbè yìí. Mùsùlùmí tó kú láàárọ̀, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti sin ín kó tó di ìrọ̀lẹ́, nínú aṣọ funfun, láìsí pósí. Ọ̀pọ̀ sàréè ni kò ní orúkọ lórí. Ìyẹn bá ẹ̀kọ́ ẹ̀sìn mu, kò sí ẹ̀bi níbẹ̀. Àmọ́ àdúrà ọjọ́ kẹjọ àti ogójì ọjọ́ máa ń kó ọmọ ilé jọ láti Èkó, láti Àbújá, láti Abidjan, ibẹ̀ ni kí wọ́n ti mú ìwé jáde. Àwọn Kìrìsìtẹ́nì ní tiwọn ń tẹ ìwé ètò ìsìnkú tó ní ìtàn olóògbé nínú. Bí ayẹyẹ bá ti tán, wọ́n á fi wé àkàrà. Bí agbo ilé kan bá to gbogbo ìwé ètò ìsìnkú tó ti tẹ̀ láti ogójì ọdún sẹ́yìn sínú fáìlì kan ṣoṣo, á bá ohun tí kò sí ní ọ́fíìsì ìjọba kankan.

Orúkọ náà ń ran ìṣirò lọ́wọ́. Bí Babátúndé kan bá wà nínú ilé tó wọ ilé ìwé ní 1955, ọdún tí ìjọba Western Region bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, bàbá àgbà kan ti kú nínú ilé yẹn ní nǹkan bí 1948 tàbí 1949. Kí ẹni tó ń ṣírò má kàn gbẹ́kẹ̀ lé rẹ́jístà ilé ìwé o. Ọ̀pọ̀ ọmọ ìgbà yẹn kò ní ìwé ọjọ́ ìbí. Wọ́n á ní kó gbé ọwọ́ ọ̀tún kọjá lórí kó fi kan etí òsì. Bí ọwọ́ bá kan etí, ọmọ ti tó ilé ìwé lọ, tíṣà á sì kọ ọjọ́ kan tó bá wù ú sílẹ̀. Ọjọ́ yẹn ni onítọ̀hún máa ń lò títí tó fi fẹ̀yìn tì. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ládùúgbò ṣeé fọkàn tán jù bẹ́ẹ̀ lọ: ogun Jálumi tí wọ́n jà ní Ìkìrun ní 1878, rélùwéè tó dé Òṣogbo ní 1907, àjàkálẹ̀ àrùn 1918, ìparí ọdún 1969 tí Gánà ní kí àjèjì tí kò ní ìwé ìgbéèlú máa lọ, tí ọ̀pọ̀ Yorùbá fi gbé ẹrù sórí wá sílé. Bi ìyá àgbà pé, “Ṣé wọ́n ti dé láti Gánà nígbà tí bàbá kú?” Yóò dáhùn láì ronú. Bi í léèrè ọdún, kò ní rí i sọ.

Lẹ́yìn èyí ni ìwé ìjọba kàn. National Archives tó wà nínú ọgbà Yunifásítì Ìbàdàn, èyí tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Kenneth Dike ṣe agbátẹrù rẹ̀ láti 1954, ní fáìlì àwọn ajẹ́lẹ̀ ìjọba òyìnbó lábẹ́ Oyo Prof, Iba Prof àti Osun Div. Ọ̀rọ̀ owó orí, ẹ̀sùn oyè, ìjà ilẹ̀, lẹ́tà tí àwọn ará ìlú kọ: gbogbo rẹ̀ wà nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀. Kí ará Ìfọ́n kan sì kíyè sára: Ìfọ́n mìíràn wà ní ìpínlẹ̀ Oǹdó lónìí, Olúfọ́n ni wọ́n ń pe ọba tiwọn náà, fáìlì rẹ̀ kì í ṣe ti Ọ̀ṣun. Òfin Oyè tí Western Region ṣe ní 1957 tún mú kí wọ́n kọ ìkéde oyè sílẹ̀, pẹ̀lú orúkọ àwọn ìdílé tó ń jọba, bí oyè ṣe ń yí àti àwọn afọbajẹ. Ìwé tó wúlò ni, síbẹ̀ kò sọ̀kalẹ̀ láti ọ̀run. Ẹni tó mọ ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ ajẹ́lẹ̀ ló ń sọ ìtàn tirẹ̀ jù, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n kò sí nínú ìwé. Nítorí náà ni ojú oórì, oríkì àti fáìlì fi gbọ́dọ̀ jọ jẹ́rìí.

Ní ti ìforúkọsílẹ̀ ikú, Èkó ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láti 1863, òfin 1992 sì ti sọ ọ́ di dandan káàkiri Nàìjíríà lọ́wọ́ National Population Commission. Ìwé ìbí làwọn ènìyàn ń sáré gbà, nítorí ilé ìwé àti pásípọ́ọ̀tù. Ti ikú, àyàfi bí owó bá wà ní báńkì tí wọ́n fẹ́ gbà.

Àwọn tó wà lókè òkun náà ń wá ilé. Nígbà tí ọkọ̀ ogun ojú omi ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ń gba àwọn tí wọ́n kó lẹ́rú sílẹ̀ lójú òkun, wọ́n ń kọ orúkọ wọn sínú rẹ́jístà ní Freetown àti Havana: orúkọ bí akọ̀wé ṣe gbọ́ ọ, ọjọ́ orí, gíga, àti lọ́pọ̀ ìgbà ilà ojú àti ilà ara. Orúkọ tí wọ́n ti kó jọ láti inú àwọn rẹ́jístà yẹn sórí íntánẹ́ẹ̀tì nínú iṣẹ́ African Origins jẹ́ 91,491, orúkọ Yorùbá sì pọ̀ nínú wọn. Àjàyí Crowther gba ọ̀nà yẹn kọjá. Wọ́n mú un ní Òṣóògùn ní 1821, wọ́n gbà á sílẹ̀ ní 1822, ó sì di 1846 kó tó rí ìyá rẹ̀, Àfàlà, ní Abẹ́òkúta. Ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n! Kò sí ìwé kankan tó mú wọn pàdé. Ìyá wà láyé, àwọn ènìyàn sì mọ ọmọ ẹni tó jẹ́. Àwọn ọmọ ọmọ irú ẹni bẹ́ẹ̀ tó wà ní Brazil, Kúbà tàbí Amẹ́ríkà lónìí kò ní ìyá tó ń dúró dè wọ́n. Bí wọ́n bá tilẹ̀ mọ ìlú, wọ́n á fẹ́ bá ilé kan pàdé tó lè sọ pé ní ìgbà ogun báyìí, ọmọ wa kan sọnù, orúkọ rẹ̀ nìyí.

Iṣẹ́ tí àwọn ìdílé tó wà nílé máa ṣe kò nílò owó púpọ̀. Kí mọ́gàjí tàbí baálé agbo ilé ra ìwé oníbébà líle kan. Fún òkú kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kọ orúkọ àbísọ, oríkì, orúkọ ìyá rẹ̀ àti agbo ilé tí ìyá náà ti wá, ibi tí wọ́n sin ín sí, àti ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nílùú nígbà náà. Kí ẹni tó bá fẹ́ wólé kọ́kọ́ pe àwọn ìyá àgbà ilé wá tọ́ka sí ojú oórì kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n ya fọ́tò rẹ̀, kí wọ́n sì wọn ọ̀nà tó jìn sí ògiri. Kí wọ́n da ìwé náà kọ ní ẹ̀dà méjì, kí ẹ̀dà kejì má sì sí nínú ilé kan náà. Ẹni tó rí ohun tí iná ṣe ní 2025 mọ ìdí rẹ̀.

Orúkọ agbo ilé ìyá yẹn, kí ẹnikẹ́ni má fò ó. Ìlú tó fara kanra tó báyìí ti ń fẹ́ ọmọ ara wọn láti ìran dé ìran. Obìnrin Ìfọ́n tó lọ ilé ọkọ ní Ìlobùú lè wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ níbẹ̀ báyìí, bí àwọn èèyàn rẹ̀ kò bá gbé òkú rẹ̀ padà sílé bàbá rẹ̀. Ọmọ Ìlobùú náà wà ní Ìfọ́n bẹ́ẹ̀. Ìtàn ilẹ̀ tí wọ́n ń gbé lọ síwájú ìgbìmọ̀ ìwádìí kì í dárúkọ wọn, torí ọ̀nà bàbá nìkan ló ń tọ̀. Ó yẹ kí ààfin Olúfọ́n àti ti Olóbùú jọ gba ìwé kan láyè, tí orúkọ àwọn ìyá wọ̀nyí nìkan máa wà nínú rẹ̀, kí agbo ilé ìhà méjèèjì mú orúkọ wá, kí wọ́n sì máa kà á sókè níbi ìpàdé àlàáfíà kí ẹnikẹ́ni tó ṣí máàpù ààlà.